Èwo Nínú Ìbọn Bàbá Wa Ni Kí A Fi Pamọ́?

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú ìbọn kọ òun?" Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí a parí ìsìnkú bàbá tí ó bí bàbá mi. Ilẹ̀ kò di ìjà, owó kò di ìjà, ṣùgbọ́n ìbọn mẹ́ta tí a bá nínú yàrá olóògbé gba ọjọ́ kan gbáko mọ́ àwọn ẹbí lọ́wọ́.

Èkínní ni ṣakabùlà gígùn tí bàbá fi ṣọdẹ títí agbára fi tán nínú rẹ̀, tí ó ń gbé lọ sí igbó Ògbèsè ní apá Ìsẹ̀. Èkejì ni ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ kan, kúkúrú, tí òkúta ń ṣá iná fún, tí wọ́n ní ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ni ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ìbọn ìléwọ́ tí ó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan mú ti ìlú Òyìnbó bọ̀ ní ọjọ́ pípẹ́, tí a kọ orúkọ Webley àti orúkọ ìlú Birmingham sí lára. Ẹnì kan ní kí a tà wọ́n fún àwọn tí ń ra ohun àtijọ́ kiri. Ẹlòmíràn ní kí a kó wọn fún alágbẹ̀dẹ kí ó fi wọ́n rọ ọkọ́. Ẹnì kẹta ní ọ̀kan péré ni kí a fi pamọ́ fún ìrántí, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà bá yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ ni o wà ní yunifásítì. Èwo ni ó níyelórí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Mo dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀. Èdè ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, n kò kọ́ ìbọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti wá ìdí rẹ̀ nínú ìtàn. Ìdáhùn tí n kò lè fún bàbá mi àgbà ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ fún un nínú àròkọ yìí, kí ẹ̀yin òǹkàwé sì ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ìbọn ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Láti etí òkun ni ó ti wá. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ṣakabùlà, tí í ṣe "Dane gun", ń rán wa létí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Denmark tí wọ́n ní odi ní Òsù lẹ́bàá Àkrá, kí wọ́n tó ta àwọn odi wọn fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ Denmark ni a ti rọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn alágbẹ̀dẹ Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ń rọ ọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ fún ọjà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní 1813 ni a dá ilé kan sílẹ̀ ní Birmingham níbi tí a ti ń dán ìbọn wò kí a tó kó o lọ sí ọjà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà ogun Òwu ní nǹkan bí 1820 sí i, àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n súnmọ́ etí òkun ti ní ìbọn lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ará Òwu ṣì gbójú lé idà àti àdá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kò sí ológun tí ó jẹ́ jáde láìní ìbọn.

Iṣẹ́ ṣakabùlà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki í. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi òwú tàbí àkísà dí i, a ó kó ọta lé e, a ó sì fi ọ̀pá irin gún un wọlé. A ó tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá fa apátí, òkúta yóò ṣá irin, iná yóò ta sí ẹ̀tù ojú, èyí yóò sì ran ti inú. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, ìbọn ti di igi ìdáná. Bí ọdẹ bá yin ín tí kò ba ẹran, kí ó tó ki òmíràn, ẹran ti dé Èmùré. Ìwọ̀nyí ni àbùkù rẹ̀, gbogbo ọdẹ ni ó sì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun kan nínú oúnjẹ rẹ̀ tí ọwọ́ ará ilé kò lè tó. Alágbẹ̀dẹ wa lè rọ ọta irin fún un. Bí apátí rẹ̀ bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ kan náà ni yóò tún un ṣe. Nígbà tí ó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ kò tún un ṣe nìkan mọ́, wọ́n ń rọ odindi rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí àwọn Èkìtì ní láti yan ìbọn, tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì rọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n bá yàn. Èyí ni ogun Kírìjì. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi jẹ́ olórí lé wọn lórí, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkirun ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi. Nígbà tí Èkìtìparapọ̀ yóò tún dìde, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun wọn, Látòósà Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí ogun Ìbàdàn. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tẹ̀dó sí àárín òkè ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì wojú ara wọn fún ọdún púpọ̀.

Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí a ti tà lẹ́rú rí, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń fi ìbọn ránṣẹ́ sí ibùdó gba ọ̀nà Oǹdó. Ìbọn tí wọ́n ń rà kì í ṣe ṣakabùlà. Snider ni, àti Martini-Henry, àti Winchester. Ìdí ni a ti ń ki ìwọ̀nyí, a kì í ki wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀tù àti ọta wọn wà pọ̀ nínú kátíríìjì kan ṣoṣo, òjò kò sì rí wọn gbé ṣe bí ó ti ń ṣe ṣakabùlà. Ọdún 1866 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Snider wọlé, wọ́n sì gba Martini-Henry ní 1871. Jagunjagun tí a kọ́ dáradára lè yin Snider ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹni tí ń ki ìbọn lẹ́nu kò lè ju ìgbà 3 lọ. Ìró ìbọn ńlá Èkìtì tí ó ń dún kírì, kírì láàárín àpáta ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun náà ní Kírìjì.

Bí a bá wo ibi tí a dé yìí nìkan, a ó sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìbọn tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ, kí a ju ti àtijọ́ nù. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn wí? Ìbọn tuntun gba Èkìtì lọ́wọ́ ìparun, ó sì dá Ìbàdàn dúró lójú kan, ṣùgbọ́n kò lé wọn lọ. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, ogun kò sì tán. Ìdí pọ̀ fún èyí, àwọn Ìbàdàn pàápàá sì wá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rà nígbà tí ó yá. Ọ̀kan nínú ìdí náà ni mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí. Kátíríìjì ni oúnjẹ Snider, kò sì sí alágbẹ̀dẹ kan ní gbogbo Èkìtì, ìbáà ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, tí ó lè rọ ọ́. Etí òkun ni a ti ń gbé e wá. Ọjọ́ tí ọ̀nà Oǹdó bá dí, ìbọn tí ó dára jù lọ ní ayé di ọ̀pá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú ogun náà. Ẹni tí ó ni ọ̀nà ni ó ni ìbọn. Ìwé àdéhùn àlàáfíà tí a fọwọ́ sí ní 1886 gba ọwọ́ àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì Èkó kọjá, àwọn kan náà tí etí òkun wà ní ìkáwọ́ wọn. Ní 1893 ni Gómìnà Carter sì wá tú ibùdó ká pátápátá, lẹ́yìn tí ìbọn Maxim ti fi ojú Ìjẹ̀bú rí màbo ní Ìmàgbọn ní 1892.

Láàárín ọdún wọ̀nyí ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ jíjìn tí kò sí ọdẹ Èkìtì kan tí ó gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó kàn án gidigidi. Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn mìíràn fi ọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels. Wọ́n kọ̀ ọ́ fún oníṣòwò láti máa kó ìbọn ìgbàlódé àti kátíríìjì wọ apá tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta àti ẹ̀tù ọjà lásán. Èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn tí ń bọ̀ wá jọba lé wa lórí bá wa yan ìbọn. Wọ́n mú Maxim, wọ́n fi ṣakabùlà sílẹ̀ fún wa. Ẹni tí ó bá rò pé ìfẹ́ ohun àtijọ́ nìkan ni ó mú kí ọdẹ wa di ṣakabùlà mú títí di òní, kí ó rántí ìwé yìí.

Ìbọn ìléwọ́ ńkọ́? Òun kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọdẹ, nítorí ọta rẹ̀ kì í lọ jìnnà. Ohun iyì ni. Ẹ̀rí èyí wà nínú iṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí ó sin Arínjalẹ̀, tí ó sì kú ní 1938. Ọ̀kan nínú òpó tí ó gbẹ́ wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Akọni kan jókòó lórí ẹṣin, ọ̀kọ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ìbọn ìléwọ́ wà ní ìkejì. Ọ̀kọ̀ ni agbára àtijọ́, ìbọn ni agbára tuntun. Agbẹ́gilére náà kò mú ọ̀kan kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀, ó fi méjèèjì lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Ọlọ́wẹ̀ yìí kan náà ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, níbi tí a ti rí Ògògà lórí ìtẹ́ rẹ̀ tí ó ń gba Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé wá nínú àkéte. Ní 1924 wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá ní Wembley. Kò padà wálé mọ́. Wọ́n fún Ògògà ní àga ọba kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpààrọ̀, ìlẹ̀kùn sì wà ní British Museum di òní olónìí. Mo sọ èyí kí a lè rí i pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni a ti ń jókòó yan ohun tí a ó fi pamọ́ àti ohun tí a ó jẹ́ kí ó lọ. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ti yàn rí. Àga ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kùn ni gbogbo ayé ń lọ wò.

Ní ọdún 1924 yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ Webley ní Birmingham kọ́kọ́ gbé ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn rẹ̀ jáde. Ìlú tí ó ń rọ ṣakabùlà fún àwọn baba wa náà ni ó wá ń ṣe ìbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ta páálí nínú ọgbà wọn. Ìbọn alátẹ́gùn kì í ṣe ohun tuntun. Láti nǹkan bí 1780 ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Ọ́stríà ti ń lo irú rẹ̀ kan tí Girardoni ṣe, tí ó lè yin nǹkan bí ọta 20 láìtún un ki. Ẹ̀tù kò sí nínú rẹ̀, èéfín kò sí. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti fi ọwọ́ fún atẹ́gùn sí i ju ìgbà 1,000 lọ kí ó tó kún, bí ó bá sì bàjẹ́ lójú ogun kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Wọ́n pa á tì. Ẹ kò rí i pé ohun tí ó ṣe Snider ní Kírìjì náà ni ó ṣe é?

Lónìí, àwọn tí ń kó ìbọn alátẹ́gùn àtijọ́ jọ ní òkè òkun a máa jiyàn lórí èyí tí ó dára jù. Àwọn kan á ní Webley ni, nítorí pé irin rẹ̀ le. Àwọn mìíràn á ní Walther LP 53 ti ilẹ̀ Jámánì ni, èyí tí ó jáde ní 1953. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ta á bá ojú àmì gan-an á ní Feinwerkbau 65 ni, nítorí irú rẹ̀ ni ó la ọ̀nà fún ìdíje ìbọn ìléwọ́ alátẹ́gùn ti mítà 10 tí ó wọ Òlíḿpíìkì ní 1988. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà láàárín wọn máa ń bi olùrà ní ìbéèrè kan: ohun tí ń dí atẹ́gùn nínú rẹ̀ ńkọ́, ǹjẹ́ o lè rí òmíràn bí èyí bá gbẹ? Bí kò bá sí, ohun tí o rà kì í ṣe ìbọn, ère ìbọn ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin, ẹni tí ó bá fojú di í yóò jìyà rẹ̀. Òfin ìbọn ti 1959, tí ó ṣì wà di òní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀, tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ ní láìṣe pé Ààrẹ fún un ní àṣẹ. Ìbọn ìléwọ́ wà níbẹ̀, òfin náà sì dárúkọ ìbọn ìléwọ́ olókùúta àtijọ́ pàápàá. Ọ̀nà kejì ni ti ìlò ara ẹni, ìbọn alátẹ́gùn sì wà níbẹ̀, ti ìléwọ́ àti ti gígùn. Ìwé àṣẹ ni a fi ń ní in. Ọ̀nà kẹta ni ìbọn tí a ń ki lẹ́nu, ṣakabùlà ni olórí wọn, ìwé àṣẹ ni a sì fi ń ní òun náà. Ẹ wo ohun ìyanu yìí: ìléwọ́ àtijọ́ inú ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilé wa ni òfin kà léèwọ̀ jù. Ẹ tún wò ó pé èyí tí ìwé 1890 fi sílẹ̀ fún wa náà ni òfin 1959 ya àyè tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún.

Mo padà sí Ìkẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kejì ìpàdé náà, mo mú ìwé àti kálámù, mo sì lọ jókòó ti ìyá àgbà, ìyàwó olóògbé. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìbọn kọ̀ọ̀kan fún mi. Nípa ti atẹ́gùn, wọ́n ní, "Ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni." Ó parí. Nípa ìléwọ́ olókùúta, wọ́n ní àwọn bá a nílé ni. Ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ ṣakabùlà, wọ́n gbé ìjókòó wọn súnmọ́ mi. Wọ́n sọ bí bàbá ti ń sá ẹ̀tù sí oòrùn tí ó sì ń lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Wọ́n sọ irú ọta tí ó ń kó fún ìgalà àti irú èyí tí ó ń kó fún ọ̀yà. Wọ́n sọ orúkọ alágbẹ̀dẹ tí ó yí apátí rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ ọjọ́ tí ó kọ̀ láti yin ọ̀bọ kan tí ó gbé ọmọ lẹ́yìn, tí ó wálé lọ́wọ́ òfo, tí àwọn sì bá a jà nítorí ọbẹ̀. Ewé mẹ́fà ni mo kọ kún ní ọjọ́ náà, n kò sì tíì kọ ọ́ tán.

Ìgbà náà ni ìdáhùn bàbá mi àgbà yé mi. Bí ó bá jẹ́ ti owó, ó lè jẹ́ ìléwọ́ àtijọ́ ni ó níyelórí jù. Bí ó bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn àti fífi ta àmì, kò sí èyí tí ó tó ti atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ìbọn tí a lè bọ́ ni ìbọn ẹni. Oúnjẹ ìbọn kì í sì í ṣe ẹ̀tù àti ọta nìkan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ki, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe, àti èdè tí a fi ń sọ ìṣe rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n fi ṣakabùlà sílẹ̀ fún wa rò pé ohun tí kò lágbára ni àwọn fi sílẹ̀. Àwọn baba wa gbà á, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n rọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ di ti ara wọn.

Bí a ti ṣe é nìyí. Bàbá mi àgbà fúnra rẹ̀ kó ìléwọ́ olókùúta lọ fún àwọn ọlọ́pàá, nítorí kò sí ìrántí tí ó tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. A kò lo ti atẹ́gùn. Ó wà ní títì pa títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ rẹ̀. Ṣakabùlà wà lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi tí ó jẹ́ ọdẹ, tí ó sì ní ìwé rẹ̀. Èmi ni a fún ní ìwé tí mo kọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìlẹ̀kùn Ògògà ti lọ, kò sì dájú pé yóò padà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà àti àwọn alágbẹ̀dẹ ṣì wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìsinmi bá dé, tí olúkúlùkù bá padà sí ilé bàbá rẹ̀, kí ó mú ìwé àti kálámù dání. Ẹ̀tù tí òjò pa, a lè sá a sí oòrùn kí ó gbẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá bá àgbà wọ ilẹ̀ lọ, oòrùn wo ni a ó sá a sí?